Géèmù Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀: Ìdí tí Arkham Knight Fi Ń Kólòlò Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìgbógbó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi nílé, lẹ́bàá Sábó ní Ìkòròdú níhìn-ín. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá sọ́dọ̀ dókítà, ó ní kí n bá òun wo ohun tó ń ṣe é. Ó ti gbé e lọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kìíní, wọ́n ní Windows ló bàjẹ́, wọ́n sì fi òmíràn sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní RAM rẹ̀, ìyẹn mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kéré, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ 4 GB di 8 GB. Àìsàn náà kò lọ. Bó bá ti ṣí géèmù Batman: Arkham Knight, tó wọ inú mọ́tò, tó sì sáré dé ìkóríta kan, àwòrán á dúró gbagidi, ohùn ẹ́ńjìnnì á máa dún lọ ní tirẹ̀, nígbà tí àwòrán bá sì fi máa padà dé, mọ́tò ti forí sọ ògiri.

"Bọ̀dá mi," ó ní, "géèmù yìí kan náà ni mo máa ń gbá ní ilé géèmù tó wà lójú ọ̀nà Àyángbúrẹn, lórí PS4. Kò háàngì rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé láàpútọ́ọ̀pù mi ni kò dára ni, àbí èyí tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà kì í ṣe ojúlówó?"

Èrò kan ló bí ìbéèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ní èrò náà: pé géèmù dà bí fíìmù, pé bí a bá ti gbé e sínú ẹ̀rọ, ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ yóò fi hàn, àfi kí ojú tẹlifíṣọ̀n kan tóbi ju òmíràn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fíìmù ti jinná kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbígbé e kaná lásán ló kù. Géèmù, tútù ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀rọ tó wà níwájú wa ló ń sè é lójú ẹsẹ̀, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń sè é gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀ fún irú ààrò bẹ́ẹ̀. Bí ìlànà tí wọ́n kọ fún ààrò kan bá dára, tí èyí tí wọ́n kọ fún ààrò kejì kò sì dára, ọbẹ̀ méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni a ó jẹ.

Rocksteady, ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe Arkham Knight. Warner Bros. ló gbé e jáde ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2015, fún PlayStation 4, Xbox One àti kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, lọ́jọ́ kan náà. Òun ni ìkẹta tí Rocksteady ṣe lórí Batman, lẹ́yìn Arkham Asylum ti ọdún 2009 àti Arkham City ti ọdún 2011; ilé iṣẹ́ mìíràn ní Montréal ló ṣe Arkham Origins ti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kí wọ́n tún Arkham Knight rán fún kọ̀ǹpútà, ilé iṣẹ́ kẹta tó ń jẹ́ Iron Galaxy, ní Chicago, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Aṣọ kan náà ni, àmọ́ télọ̀ méjì ló fọwọ́ kàn án, èkejì ni ó sì bọ́ sí lọ́wọ́ láti bá ara tí kò ní ìwọ̀n kan pàtó mu, nítorí PS4 ẹgbẹ̀rún jọra bí ìbejì, kọ̀ǹpútà méjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jọra.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọmọ yìí fi kọ̀ láti pa géèmù náà tì, nítorí ẹni tí kò bá mọ adùn rẹ̀ kò lè mọ ohun tí kíkólòlò náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ìjà rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù ìjà, ẹni tó ń gbá a ní láti há bọ́tìnnì mẹ́fà méje sórí kí ó tó lè ju ẹ̀ṣẹ́ gidi kan. Ní ti Batman, bọ́tìnnì kan ni ẹ̀ṣẹ́, ọ̀kan ni dídá ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá padà, ọ̀kan ni fífi aṣọ ìlékè gbá ọ̀tá lójú kí òòyì kọ́ ọ, ọ̀kan sì ni yíyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀tá mẹ́wàá lè yí i ká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kọlù ú láti ẹ̀yìn, àmì aláwọ̀ búlúù kan á tàn yòò lókè orí ẹni náà bí mànàmáná kékeré, ẹni tó mú pádì lọ́wọ́ yóò sì ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ láti tẹ bọ́tìnnì ìdápadà. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, Batman á yí padà láìtilẹ̀ wẹ̀yìn, á di apá ọ̀tá náà mú, á gbé e ṣánlẹ̀, òǹkà ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á sì máa gòkè ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ń tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀kutẹ̀, òǹkà náà á já, gbogbo wọn á sì bò ó. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá fi máa ń jókòó jẹ́ẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kò yára, bí ẹni ń tẹ̀ lé ìlù. Àwọn ọmọ tí ń pariwo tí wọ́n ń ju pádì sókè, àwọn ni wọ́n ń lù.

Apá kejì ni ti ìfarapamọ́. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ, ó sì dà bíi pé ẹni tó ṣe apá géèmù yìí gbọ́ òwe náà. Níbi tí àwọn oníbọn bá wà, Batman kò gbọdọ̀ wọlé gba iwájú, nítorí ìbọn yóò pa á. Yóò gun òkè àjà lọ, yóò dorí kodò níbẹ̀ bí àdán gan-an, yóò máa wo bí wọ́n ṣe ń rìn, èyí tó bá dá kọjá lábẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé sókè tí yóò sì so rọ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àwọn tó kù mọ̀ pé ẹnì kan ti dín. Ìṣe wọn á yí padà, ohùn wọn á máa gbọ̀n, wọ́n á máa yìnbọn sí òjìji. Nínú Arkham Knight, wọ́n fi ohun tuntun kan kún un: bí wọn kò bá tíì rí i, ó lè já lu ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan tó ṣubú tán ó ti dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìlú Gotham náà kì í ṣe kékeré. Erékùṣù mẹ́ta ni, Bleake, Miagani àti Founders', ènìyàn sì lè fò láti orí òrùlé kan dé òmíràn pẹ̀lú aṣọ ìlékè tó nà bí ìyẹ́, kí ó já bọ́ láti òkè tààrà sínú mọ́tò tó ń sáré lọ nísàlẹ̀. Mọ́tò yìí, Batmobile, ni ohun tí wọn kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ara rẹ̀ wà nínú àwọn géèmù tó ṣáájú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo òru tí ìtàn náà gbà ni òjò fi ń rọ̀, ènìyàn á sì rí ẹ̀kán omi tó ń ṣàn lórí aṣọ Batman bó bá dúró lábẹ́ iná. Kò sí ará ìlú kankan ní títì. Scarecrow, tí àwa ìbá máa pè ní Aṣọ́komásùn, ló halẹ̀ pé òun yóò tú oògùn ìbẹ̀rù sí afẹ́fẹ́, gbogbo ìlú bá sá, àwọn ọlọ́pàá àti ọ̀daràn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Mo gbà pé ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ìtàn yẹn. Ìlú tí kò sí èrò nínú rẹ̀ dín iṣẹ́ ẹ̀rọ kù, kò sì sí ẹni tí Batman yóò fi mọ́tò tẹ̀ pa lójú pópó, èyí tí kì bá bójú mu fún akọni tí kì í pa ènìyàn.

Àléébù wà tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ rárá, kò sì yẹ kí a dà á pọ̀ mọ́ èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Ogun tí wọ́n ń fi Batmobile jà, níbi tó ti ń di ọkọ̀ ogun tí ń yin àgbá, ti pọ̀ jù, débi pé ìjà tó yẹ kí Batman fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà pẹ̀lú àwọn ọ̀tá ńlá ni wọ́n sọ di ìjà ọkọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìparí ìtàn náà ní kíkún gbọ́dọ̀ yanjú gbogbo àlọ́ àti ẹrù tí Riddler, ọ̀tá Batman kan, fi pamọ́, tí iye rẹ̀ jẹ́ 243. Èmi kò ní irú sùúrù yẹn. Ṣùgbọ́n bákan náà ni àwọn àléébù wọ̀nyí rí lórí PS4 àti lórí kọ̀ǹpútà; èrò ẹni tó ṣe é ni wọ́n, kò sí RAM tó lè wò wọ́n sàn.

Wàyí o, kí ni háàngì gan-an? Gbogbo ohun tó ń rìn lójú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́, tí ẹ̀rọ ń pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi rò pé ó ń rìn. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní fírémù. Lórí PS4, Arkham Knight ń ya fírémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1000, ọ̀nà 33 péré ni ẹ̀rọ ní láti fi ya fírémù kọ̀ọ̀kan parí, pẹ̀lú gbogbo òjò, òrùlé, òjìji àti ọ̀tá tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fírémù 60 ti dín àkókò náà kù sí bíi 17.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú ni pé wọ́n rò pé iye fírémù nìkan ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo àwọn obìnrin méjì tó jọ ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọ̀kan bá gbé ọmọ odó rẹ̀ sókè, èkejì á sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè gún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì lè gún un kíákíá, iyán á jinná. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ọ̀kan dá ọwọ́ dúró lójijì, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ìkejì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ odó méjì ti ń kọlu ara wọn. Bákan náà ni fírémù rí. Ọgbọ̀n fírémù tó ń jáde ní ìwọ̀n kan náà, ojú á gbà á, ìka á sì bá a rìn. Ṣùgbọ́n bí 29 bá jáde láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹyọ kan tó kù sì gba gbogbo ìdajì kejì, ìṣirò á ṣì sọ pé 30 ni, ojú yóò sì sọ pé ó háàngì. Nínú ìjà tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí, àmì búlúù náà lè tàn kí ó sì kú nínú ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tí àwòrán kò fi rìn. Ẹni tó ń gbá a á rò pé òun ló pẹ́, láìmọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n fi hàn án.

Nítorí náà, ó yẹ kí a ya ìlọ́ra sọ́tọ̀ kúrò lára ìkólòlò. Ìlọ́ra ni kí gbogbo nǹkan máa rìn bí ẹni wà nínú ẹrẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé káàdì tó ń ya àwòrán kò lágbára tó iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ìkólòlò ni kí nǹkan máa lọ dáadáa, kí ó há lójijì, kí ó sì tún máa lọ. Ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ohun kan tí wọ́n nílò láti ya fírémù tó kàn kò tíì dé. Ìkólòlò ni ẹ̀sùn tí àwọn tó ra Arkham Knight fún kọ̀ǹpútà fi kan án lọ́dún 2015, kódà àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn lágbára gan-an.

Kí ni ohun tí kò tíì dé? Ògiri kan nínú géèmù jẹ́ pákó lásán tí wọ́n lẹ àwòrán bíríkì mọ́. Gbogbo ìlú Gotham ni wọ́n fi irú àwòrán ìlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ bò, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí mẹ́mórì lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà lọ, nítorí géèmù náà gba ààyè tó ju 40 GB lọ lórí disk, ibi tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí. Ìwọ̀nba àdúgbò tí Batman wà ni ẹ̀rọ ń kó wọlé. Bó ṣe ń lọ síwájú ni ó ń kó tuntun wọlé tó sì ń kó ti ẹ̀yìn dànù. Nígbà tí Batman nìkan ń fò nínú Arkham City, kò yára púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fún un ní mọ́tò, àdúgbò tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kó wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan di ìlọ́po. Ohun tó mú kí géèmù náà dùn jù ni ohun tó ń fún un lọ́rùn.

Nínú PS4, mẹ́mórì 8 GB kan ṣoṣo ló wà, processor, tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, àti ẹ̀yà tó ń ya àwòrán ló sì jọ ń lò ó. Ó dà bí ilé oúnjẹ tí ibi tí wọ́n ti ń dáná àti ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ jẹ́ yàrá kan náà: bí ìrẹsì bá ti jinná, ṣíbí nìkan ló kù. Nínú kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán, yàrá méjì ni. Àwòrán ìlẹ̀mọ́ kọ́kọ́ ń ti disk bọ́ sínú RAM, kí wọ́n tó tún gbé e gba ọ̀nà tóóró kan lọ sínú mẹ́mórì tí káàdì náà ní fúnra rẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní Ìkòròdú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Bí mọ́tò ẹni tilẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lágbára tó ti eléré ìje, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Máìlì 12 ni yóò pinnu ìgbà tí a máa dé Kẹtu. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á tètè jáde nílé, á ti dé ibẹ̀ kí èrò tó jí. Ẹni tó ń kọ géèmù fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ó máa gbé ẹrù ìkóríta tó wà níwájú kọjá kí mọ́tò tó débẹ̀. Arkham Knight ti ọdún 2015 máa ń jáde nílé ní aago méje àárọ̀.

Ẹ̀rọ ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ́ géèmù náà lé lórí kò sì jẹ́ ọmọdé. Unreal Engine 3 ni, tí àwọn géèmù ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ní ayé PlayStation 3 àti Xbox 360. Gbogbo mẹ́mórì PS3 lápapọ̀ kò ju 512 MB lọ. Rocksteady tún ìpìlẹ̀ yìí ṣe débi pé ó gbé ilé tí wọn kò ṣírò fún un. Ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ńlá, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi kún báyìí, ẹni tó kọ́ ọ ló mọ ibi tí igi tó gbé e dúró wà. Nígbà tí a bá gbé e fún ẹlòmíràn láti tún kọ́ sórí ilẹ̀ mìíràn, ìyà ń bọ̀.

Ìyà náà kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ tó jáde, wọ́n ti de ti kọ̀ǹpútà mọ́ fírémù 30, bí kọ̀ǹpútà náà ti wù kó lágbára tó. Ẹni tó bá fẹ́ tú u ní láti lọ ṣí fáìlì ètò géèmù náà, kí ó fi ọwọ́ yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà. Àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé òjò tó ń ṣàn dáadáa lára aṣọ lórí PS4 kò rí bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àti pé òjìji rírẹ̀ tó ń wà ní kọ̀rọ̀ ògiri, tó ń jẹ́ kí nǹkan dà bí ohun tó dúró lórí ilẹ̀ gidi, ti sọnù. Ẹni tó fi owó púpọ̀ ra ẹ̀rọ ń rí àwòrán tó burú ju ti ẹni tó fi owó kékeré rà lọ. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí Warner Bros. fi dá títa rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà dúró, wọ́n sì ní Rocksteady ni yóò ṣáájú àtúnṣe. Ó wá bọ́ sí àsìkò tí Steam, ọjà tí ọ̀pọ̀ ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ètò ìdápadà owó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà yẹn kan náà: ẹni tí kò tíì gbá géèmù tó wákàtí méjì, tí kò sì tíì rà á ju ọjọ́ 14 lọ, lè gba owó rẹ̀ padà.

Àtúnṣe ńlá kan dé ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì dá géèmù náà padà sí ọjà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà náà ni gbólóhùn tó yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà: wọ́n ní lórí Windows 10, kọ̀ǹpútà tó bá ní RAM 12 GB ó kéré tán ni géèmù náà yóò ti lọ geere láì máa ya disk lò bíi mẹ́mórì. Ẹ wo bó ṣe rí. PS4 ń fi 8 GB tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jọ ń pín ṣe iṣẹ́ kan náà. Kọ̀ǹpútà nílò 12, láì tíì ka mẹ́mórì tó wà lórí káàdì àwòrán mọ́ ọn. Àwọn ẹ̀sùn kò tán síbẹ̀. Wọ́n bá ṣèlérí owó ìdápadà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, títí di ìparí ọdún 2015, iye wákàtí yòówù tí ó ti fi gbá a. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, wọ́n kéde pé àwọn kò ní ṣe ti Mac àti Linux mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé géèmù kan náà dé Nintendo Switch ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, sínú ẹ̀rọ tí gbogbo mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 4 GB, ìgbà tí ènìyàn bá wọ inú Batmobile náà ni fírémù tún ń já wálẹ̀.

Kí a padà sí orí tábìlì mi. Láàpútọ́ọ̀pù ọmọ náà kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Ẹ̀yà tó ń ya àwòrán wà nínú processor, ó sì ń ya mẹ́mórì lò lára RAM. Ẹni tó bá ka ìwé yìí dáadáa á sọ pé ìyẹn dà bí ti PS4 nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo. Yàrá kan ṣoṣo ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré. Mẹ́mórì PS4 jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò lórí káàdì àwòrán, tó lè gbé 176 GB kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR4, tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn. Káàdì àwòrán tó kéré jù tí àwọn tó ṣe géèmù náà ní kí ènìyàn ní pàápàá gbọ́dọ̀ ní mẹ́mórì 2 GB tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Mo ní kó ṣí géèmù náà. A dín àwòrán kù sí 1280 lọ́nà 720, a sì pa gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tó ṣeé pa. Batman dúró lórí òrùlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwòrán lọ geere díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlọ́ra nìyẹn, a sì ti rí ohun tó dín in kù. Mo ní kó pe mọ́tò. Ó wọ inú rẹ̀, ó sáré, ní ìkóríta kejì, gbàgà, ó há, bó ṣe ń há láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Dídín àwòrán kù kò kan ìyẹn rárá. Ìkólòlò ni, ẹrù ni kò tètè dé, disk rẹ̀ sì jẹ́ irú àtijọ́ tó ń yí bí àwo. Ìdánwò inú géèmù náà fi àròpín iye fírémù tó dára díẹ̀ hàn wá, inú ọmọ náà sì dùn, títí mo fi ní kó wo nọ́ńbà tó kéré jù tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn oníṣẹ́ tó gba owó RAM kò bá a wò.

Bí a ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni iná lọ. Láàpútọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, fírémù tún já wálẹ̀ lójú wa. Mo fi ìyẹn hàn án, nítorí ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù máa ń dín agbára processor kù bí wọn kò bá sí lórí iná, kí bátìrì lè pẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní géèmù òun dára láàárọ̀, ó sì bàjẹ́ lálẹ́, ọ̀rọ̀ iná ló ń sọ.

"Ṣé wọ́n á dá owó mi padà?" ó béèrè.

Mo wo àkáǹtì rẹ̀. Ó ti ra géèmù náà láti oṣù méjì sẹ́yìn, ó sì ti fi wákàtí mọ́kànlá gbá a, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ níbi tó ti ń dúró de ìkóríta. Kò sí ìdápadà fún ìyẹn, kò sì sí ẹni tí a ó bá sọ ti owó RAM. Mo ní tó bá tún rí owó, SSD, irú disk tí kì í yí bí àwo, ni kó kọ́kọ́ rà, kì í ṣe RAM; kíkólòlò náà yóò dín kù, kò ní lọ tán. Kí ó tó rí owó ọ̀hún, mo bá a gbé Arkham Asylum ti ọdún 2009 sórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí 512 MB ṣì tó fún Batman. A kì í wa mọ́tò nínú rẹ̀. A ṣí i pẹ̀lú ìyókù bátìrì, Batman gun òkè àjà lọ, ó dorí kodò, ẹ̀wù rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ láì há ní ẹyọ ibì kan, ọmọ náà sì gbá a títí láàpútọ́ọ̀pù fi kú.